Ohùn Ẹyẹ Lẹ́yìn Fèrèsé

Nígbà tí àwọn òfú ṣì ń wá sí erékùṣù àárín adágún, kò sẹ́ni tó ń pe atukọ̀ yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Gbéra ni wọ́n ń pè é láti èbúté títí dé ọ́fíìsì àwọn atukọ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ ló fún un lórúkọ náà, òun náà sì ń fi ẹ̀rín jẹ́ ẹ.

Bó ṣe di Gbéra nìyí. Òfú jẹ́ ẹyẹ ńlá, funfun báláú, tí àpò awọ ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí omi bá ti fà díẹ̀, wọn á dé lọ́pọ̀ yanturu, wọn á kọ́ ìtẹ́ sórí ilẹ̀ gbalasa tó wà ní erékùṣù náà, wọn á sì sàba. Ẹyẹ tó ń sàba kì í mira. Àwọn tó wọkọ̀ wá wò wọ́n kò sì fẹ́ràn ohun tí kì í mira. Wọn á na fóònù sókè, wọn á ya fọ́tò díẹ̀, ó parí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yán. "Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń jókòó gẹlẹtẹ nìyí?" Bí ẹni pé wọ́n háyà àwọn ẹyẹ náà láti wá jó! Yíyán tí àwọn èrò wọ̀nyí ń yán ti sú atukọ̀, ojú sì ń tì í bí ẹni tó se oúnjẹ tí kò dùn fún àlejò. Lọ́jọ́ kan, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó mú àjẹ̀, ó fi gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbà! gbà! ó sì pariwo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ọ̀fun rẹ̀ ya: "Ẹ gbéra!"

Gbogbo erékùṣù sì gbéra lóòótọ́. Ojú ọ̀run funfun kanlẹ̀. Àwọn èrò hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnì kan tiẹ̀ sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọkọ̀ tó dé erékùṣù tí kì í gbá ẹ̀gbẹ́. Gbogbo atukọ̀ èbúté ló kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Fídíò rẹ̀ kárí ayé, èrò wá ń wọ́ wá bí omi.

Ohun tí kò hàn nínú fídíò ni pé tí àwọn ìyá bá ti gbéra, oòrùn á máa ta sí ẹyin wọn, ọmọ tuntun tí kò tíì níyẹ̀ẹ́ lára á wà níhòòhò, àwòdì á sì balẹ̀. Àwòdì mọ àkókò tí ọkọ̀ ń dé ju àwọn òṣìṣẹ́ èbúté lọ. Ọkọ̀ kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀, àwọn ẹyẹ náà ń gbéra, wọ́n ń balẹ̀, wọ́n tún ń gbéra. Gbéra rí àwọn àwòdì náà. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, àwòdì náà ní láti jẹun.

Ilé wọn kò jìnnà sómi. Iwájú ilé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, yàrá ẹ̀yìn sì ni ti Màmá, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún tààrà. Ojú Màmá ti ṣú. Ó lè mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ó lè mọ̀ pé èèyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ kò lè rí ojú ẹni náà. Etí rẹ̀ ló kù, etí náà sì mú. Ó lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó mọ̀ pé okùn ẹ̀rọ aránṣọ ti fẹ́ já.

Apẹja ni bàbá wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló jáde, ọ̀sán ọjọ́ náà sì ni ọkọ̀ pákó rẹ̀ rọra sún mọ́ etí omi fúnra rẹ̀, àwọ̀n ń bẹ nínú rẹ̀, àjẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀, kò sí bàbá. Wọ́n wá a títí ó fi sú àwọn tó ń wá a. Wọn kò rí nǹkan kan sin. Màmá kò ní ojú oórì tó lè lọ dúró sí, ó kàn ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òfú bá ti kó wọlé sí ìtẹ́ wọn, kíkùn wọn máa ń gba orí omi wá, kùn, kùn, kùn, àwọn ọmọ wọn á sì máa ké tíntín láàárín rẹ̀. Màmá á gbọ́, ojú rẹ̀ á tú ká. "Bàbá yín kò dá wà," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ gbọ́ bí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ṣe kún." Nígbà tí àwọn ẹyẹ bá rìnrìn àjò lọ, kì í bẹ̀rù, torí ó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ohun tó gbé e ró láti ìgbà tó ti di opó nìyẹn, Gbéra sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àkókò bíbọ̀ wọn tún pé. Gbéra wà lórí omi pẹ̀lú ọkọ̀ kan tó kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Wọ́n fò ga ju bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ. Wọ́n yí erékùṣù náà po, wọ́n tún un yí po. Kò sí ẹnikẹ́ni tó gbá nǹkan, kódà Gbéra di àjẹ̀ mú, kò sì mí. Àwọn ẹyẹ náà wá na ọrùn sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n lọ.

"Ṣé wọn ò ní bà ni?" ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn béèrè.

"Wọn á bà lọ́la," ni Gbéra fèsì. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọn kò ní bà lọ́la, wọn kò sì ní bà lọ́tùn-únla.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá bi í pé, "Ṣé wọ́n ti dé?"

"Wọ́n ti ń bọ̀, Màmá. Wọ́n kàn pẹ́ díẹ̀ lọ́dún yìí ni."

Ó bi í lọ́jọ́ kejì. Ó bi í lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ló dẹ́kun bíbi í, èyí ló sì burú jù. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Á di irin fèrèsé mú, á dojú kọ adágún tí kò rí, ẹnu rẹ̀ á máa mì. Ẹ̀gbọ́n gbé tíì wọlé fún un lọ́jọ́ kan, ó bá a tó ń sọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ pé, "Mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ti dákẹ́ jù." Ẹ̀gbọ́n gbé tíì náà jáde padà.

"Àbúrò, wá nǹkan ṣe o," ó sọ fún Gbéra. "Ó ti ń dá ẹni tó ń pè é lóhùn."

"Kí ni kí n ṣe? Ṣé èmi ni mo ni ẹyẹ ni?"

"Ìwọ kọ́ lo ni wọ́n, àmọ́ ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń lé wọn. Ìwọ àti àjẹ̀ burúkú yẹn." Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan bí ẹni tó fẹ́ fi gún ilẹ̀.

Ibi tó ká Gbéra lára jù ni ibẹ̀. Ó jókòó sórí àga ní èbúté, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn òfú nínú fóònù. Ó ní tóun bá rí i, òun á gbé e sẹ́yìn fèrèsé Màmá, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, kó lè jẹun. Fídíò pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ó ṣí èyí, ó ṣí ìyẹn. Gbà! gbà! Ẹ gbéra! Yèè! Gbà! gbà! Ẹ gbéra! Nínú gbogbo ẹgbàágbèje èèyàn tó ti débẹ̀, kò sí ẹni tó gba ohùn àwọn ẹyẹ náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ ṣáá, ohùn náà ń dùn, inú ẹni tó ni ín sì ń dùn. Ó pa fídíò náà.

Ìgbà náà ló rántí nọ́ọ̀sì.

Lọ́dún tí àwọn òfú wá gbẹ̀yìn, obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì dá gba odidi ọkọ̀ kan fún ara rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní ní wọ́ọ̀dù tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kì í yé dún, aláìsàn kì í yé kérora, àwọn ẹbí wọn sì máa ń bú ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun kàn fẹ́ jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bá òun sọ̀rọ̀. Gbéra fi ọwọ́ tu ọkọ̀ náà, ó ń kùn sínú. Wọ́n dúró jìnnà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko omi. Nọ́ọ̀sì gbé fóònù rẹ̀ lé itan, kò ya fọ́tò kankan, ohùn ló ń gbà sílẹ̀.

Wọ́n jókòó pẹ́. Nígbà tó yá, Gbéra gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan. Ó rí òfú kan tó fi ẹnu gígùn yẹn yí ẹyin rẹ̀ padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó rí ọmọ kan tó ti gbogbo orí bọ ọ̀fun ìyá rẹ̀ láti jẹun. Nǹkan kan sọ ọ́ láyà, ojú sì tì í láìmọ ohun tó ń tì í lójú fún. Ó yẹ kó fi mọ síbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó tó àkókò láti padà, ó wo obìnrin náà, ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Arábìnrin yìí ti ọ̀nà jíjìn wá, ó sì fẹ́ padà sílé láìrí nǹkan kan." Inú rere ló fi ṣe é. Ìyẹn ló dun èèyàn jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé àjẹ̀ sókè, ó gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì pariwo. Nọ́ọ̀sì kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù. Gbéra pè é.

"Ẹ káàsán mà. Èmi ni atukọ̀ tó gbé yín lọ wo àwọn òfú."

"Mo rántí yín." Ẹ̀rọ kan ń dún pínpín lẹ́yìn rẹ̀. "Báwo ni wọ́n?"

"Wọn ò wá mọ́ mà."

Ẹ̀rọ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. "Kò sí ọ̀kan tó wá?"

"Kò sí ọ̀kan."

"Kí lẹ wá fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi báyìí?"

Ó sọ ọ̀rọ̀ Màmá fún un, ó sọ ti bàbá, ọ̀rọ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi tí kò dáa. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ dópin. "Màá fi ránṣẹ́ sí yín," ó sọ níkẹyìn. "Nítorí ìyá yín ni o. Òun ni mo fi ń sùn. Ṣùgbọ́n ohùn yín wà ní ìparí rẹ̀. Mo máa ń pa á kó tó débẹ̀. Kí ẹ̀yin náà yáa tètè máa pa á."

Ó fi í ránṣẹ́, Gbéra sì fi í sínú káàdì kékeré tó ń wọ sípíkà. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gé ìparí ohùn. Ó lè bẹ ẹnì kan ní èbúté kó bá òun gé e, àmọ́ ẹni tó máa gé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé sípíkà náà sórí ìtẹ́lẹ̀ fèrèsé Màmá láti ìta, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn fèrèsé onígi, ó dì í mọ́ ibẹ̀. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, á dún. Tó bá tún un tẹ̀, á dákẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tó tẹ̀ ẹ́, Màmá dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri. Kùn, kùn, kùn. Ó gbé orí sókè. Ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ní kí gbogbo ilé dákẹ́.

"Ẹ gbọ́!" ó ní. "Ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti dé!" Ó dìde jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọ̀lẹ ẹyẹ! Níbo lẹ ti ń ṣeré kiri látọjọ́ yìí? Bàbá wọn, ṣé o ń gbọ́? Mo sọ fún ọ pé wọ́n ń bọ̀. O ti wá lẹ́ni tí ẹ jọ ń gbé báyìí, jọ̀ọ́, fi mí lọ́rùn sílẹ̀ kí n jẹun."

Ó sì jẹun. Gbéra dúró síta lábẹ́ fèrèsé, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí ohùn náà sún mọ́ ìparí, ó tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ láti kọ̀rọ̀ ilé, okùn tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ohun tó ò ń ṣe yìí ò dáa."

"Ṣé kó kú ni ẹ fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ kó kú. Mi ò sì ní bá ọ purọ́ fún un. Mi ò ní fọwọ́ mi kan nǹkan yẹn láé." Ó yíjú padà. Gbéra fẹ́ sọ fún un pé ohùn kan wà ní ìparí rẹ̀, àmọ́ ojú tì í, ó gbé e mì.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà. Ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá kí Gbéra má sáré ti èbúté wálé wá tẹ bọ́tìnnì, kó sì dúró tì í kó lè pa á. Ìgbádùn Màmá pọ̀ sí i, àmọ́ ti ọmọ rẹ̀ dínkù. Nǹkan náà tẹ̀ lé e lọ sórí omi. Tó bá ti pa ẹ́ńjìnnì ní àárín adágún, á gbọ́ kùn, kùn, lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ gan-an. Tó bá yíjú, kò sí nǹkan. Á rí funfun lórí erékùṣù, àyà rẹ̀ á là, á tu ọkọ̀ sún mọ́ ọn: ọ̀rá táwọn èèyàn sọ nù ló kọ́ igi. Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn gbé fìlà èrò kan lọ sórí erékùṣù, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un. Àwọn ìtẹ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ẹyin tí kò pa mọ́ ṣì wà nínú wọn. Ó mú ọ̀kan, ó fúyẹ́ bí èémí. Ó rọra dá a padà sáàyè rẹ̀. "Ẹ máa bínú," ó sọ ọ́ síta, ó sì bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́ ọ.

Ẹ má rò pé àwọn èrò kò wá mọ́. Ní báyìí, wọ́n ń wá wo ibi tí ẹyẹ fi sílẹ̀. Wọn á kọ̀yìn sí erékùṣù òfìfo, wọn á rẹ́rìn-ín sí fóònù, wọn á ní ó mà ṣeni láàánú o. Èèyàn!

Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ tú, àwùjọ kan tó jọ ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà ló gbà á ní ìgbẹ̀yìn ọ̀sán. Wọ́n ti rí fídíò. Wọ́n ní kó ṣe é fún àwọn.

"Kò sẹ́yẹ níbẹ̀ mọ́," ó ní.

"A mọ̀. Ṣáà ṣe é. Àwa fẹ́ gbọ́ ọ ni."

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè é ní Gbéra, ó mú àjẹ̀. Gbà! gbà! "Ẹ gbéra!" Kò sí ohun tó gbéra. Gbohùngbohùn ti erékùṣù padà wá, *ẹ gbéra*, àmọ́ ó pẹ́ kó tó padà, ohùn náà sì nípọn ju tirẹ̀ lọ, ó gbó ju tirẹ̀ lọ. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Irun orí Gbéra dìde. Ó sáré tan ẹ́ńjìnnì, ó sì fi ìkánjú wa ọkọ̀ gba inú koríko omi, koríko wé mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó kú.

Oòrùn ti ń rọ̀. Ó fa koríko títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ó fi àjẹ̀ tu odidi ọkọ̀ náà padà, àwọn èrò ń kọrin, òun ń wo ojú ọ̀run tó ń pọ́n, tó ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Màmá lójú fèrèsé nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, kò dúró so ọkọ̀ dáadáa, ó fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ̀rọ aránṣọ kò dún nígbà tó dé ilé. Ó nawọ́ sí ìlẹ̀kùn, ó sì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé: kùn, kùn, kùn. Ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnnì. Màmá ti dúró títí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé wọ́n tún ti lọ, wọ́n tún ti fi ọkọ òun sílẹ̀. Àánú sì ti ṣe ẹ̀gbọ́n, obìnrin tó ní òun kò ní fọwọ́ kàn án láé, ó jáde lọ fọwọ́ kàn án. Ta ló sọ fún un pé ó yẹ kó dúró pa á? Ó ti padà wọlé, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Kí Gbéra tó lè sáré yípo ilé, ó ti dún. Gbà! gbà! "Ẹ gbéra!"

Ó dúró síbi tó wà. Ẹnu rẹ̀ pa dé, ohùn rẹ̀ sì ń pariwo nínú ilé ìyá rẹ̀. Ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lù, bí ìgbà tí ìjì ń ká páànù ilé. Lẹ́yìn tí ìyẹ́ náà ti jìnnà lọ, igbe àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ló kù, tíntín, tíntín. Ohùn obìnrin kan wá béèrè pé, "Kí ló dé? Kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?" Ọkùnrin kan sì rẹ́rìn-ín. Ó parí síbẹ̀.

"Ìwọ tó ò ń rẹ́rìn-ín níta yẹn," Màmá ní, "wọlé."

Ó wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde fún un, ó káwọ́ lérí. Màmá kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dún.

"Obìnrin kan bi ọ́ ní nǹkan. Dá a lóhùn."

Gbéra kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo rẹ̀ ló sọ: àwọn tó ń yán, àjẹ̀, àwòdì, yíyí tí wọ́n yí erékùṣù po tí wọn kò sì bà, sípíkà. Kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó sunkún bí ọmọdé, Màmá kò sì nawọ́ sí i.

"Àwọn tí mò ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí ńkọ́?"

"Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ti lọ."

Màmá kọjú sí fèrèsé. "Èmi ń sọ fún un lálaalẹ́ pé wọ́n ti dé," ó ní. "Òun tó wà níbẹ̀, tó mọ̀ pé ibẹ̀ pa lọ́lọ́. O jẹ́ kí n purọ́ fún bàbá rẹ." Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, ìyẹn sì gún ọmọ rẹ̀ ju kó bú u lọ. "Tí ilẹ̀ bá mọ́, gbé mi lọ síbẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹ́ńjìnnì."

Ọkọ̀ pákó bàbá wọn ni wọ́n gbé, èyí tó dá wálé lọ́jọ́sí. Ó ti wà ní ìdojúdé lẹ́yìn ilé, kò sí ẹni tó ní ọkàn láti wọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó ní ọkàn láti là á fún igi ìdáná. Gbéra fọ̀ ọ́, ó fi ọ̀dà dí ibi tó ń jò. Ẹ̀gbọ́n fa Màmá lọ́wọ́ dé etí omi, ó dì í ní aṣọ òtútù, ó gbé e jókòó síwájú. Bí wọ́n ṣe jókòó nìyí: Màmá lórí pákó iwájú, Gbéra lórí pákó ẹ̀yìn, pákó àárín ṣófo. Ẹ̀gbọ́n dúró sétí omi, kò lọ.

Adágún dákẹ́ láàárọ̀ yẹn. Kò sí èrò, kò sí ẹ́ńjìnnì, omi nìkan ló ń lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Gbéra kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n nígbà tí kò sí ẹni tó kù tó lè gbádùn rẹ̀.

"Ṣé a ti débẹ̀?" Màmá béèrè.

"A ti débẹ̀."

Ó fetí sílẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ títí Gbéra fi rò pé òun á ké. Nígbà tó yá, Màmá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sínú omi ní ohùn tí èèyàn fi ń bá ẹni tó wà ní yàrá kejì sọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn, irọ́ ni mo pa fún ọ. Wọn ò padà. Ọmọ wa ló lé wọn lọ. Kò mọ̀ọ́mọ̀, àmọ́ òun náà ni. Ibí yìí ò ṣe é gbé mọ́. Má ṣe dá jókòó síbí. Ó yá, jáde, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Kò mira lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán. Gbéra náà kò mira. Ọkọ̀ náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní ọ̀gangan àárín, ó tẹ̀ títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, ó sì rọra padà tọ́. Gbéra di àjẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Kò sí afẹ́fẹ́.

"Wà wá lọ sílé," Màmá ní.

Ó yí orí ọkọ̀ padà. Ọkọ̀ tó ń sáré lójú omi nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ti wúwo báyìí, omi ti ga sí i lára rẹ̀, apá ń ro ó. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, kò gbà kí ojú òun sọ̀ kalẹ̀ sórí pákó àárín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹ̀ gbá omi kíkankíkan kí wọ́n lè tètè gúnlẹ̀.

Màmá kò bojú wẹ̀yìn.

"Rọra," ó ní. "O ò mọ̀ pé bàbá rẹ ò fẹ́ràn eré ni?"